Ojú Méjì Nínú Omi Kan

Ta ni ó fẹ́ da omi bàsíà yẹn nù láàárọ̀? Ìwọ ni, àbí, Ẹlẹ́ẹ̀nì? Mo jágbe mọ́ ọ, o sì fajú ro, o rò pé orí bàbá àgbà ti dàrú nítorí omi bàsíà kan lábẹ́ igi máńgòrò. Má bínú. Ẹ wá jókòó, gbogbo yín. Ẹ ti pọ́tábù yín, fóònù yín yẹn, bọ àpò. Láti ìgbà tí ẹ ti ti Kútọnu dé láti wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, bí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀, àtàrí yín ni mo ń rí, n kì í rí ojú yín. Ní ayé tiwa, ọmọ tí ó bá fi àtàrí dá àgbà lóhùn, omi tútù ni wọ́n máa ń dà sí i lórí, wọ́n á ní bóyá oorun ni ó ń sùn. Ẹ rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni mo ń sọ.

Ẹ tẹ́tí ná. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo tí ó ń ti ẹ̀yìn òkè bọ̀ yẹn? Ẹ̀yin kò gbọ́ ọ mọ́, ó ti mọ́ yín létí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ni. Ibi tí ó ti ń ké yẹn gan-an ni ojú omi wa wà tẹ́lẹ̀. Nítorí ojú omi náà ni èmi àti Bẹnuá àbúrò mi, tí a jọ mu ọmú kan náà, kò ṣe wo ojú ara wa mọ́. Òun náà ni ó gbé bàsíà yẹn wá lánàá, lẹ́yìn tí a ti ilé Ọlọ́run dé. Ọ̀rọ̀ bàsíà kò ṣeé sọ láìsọ ti ojú omi, nítorí náà ẹ ní sùúrù fún mi, ẹ jẹ́ kí n rìn ín bí ẹsẹ̀ mi ṣe mọ̀ ọ́n rìn.

Àwọn baba wa tí wọ́n pe ibi tí omi ti ń sun ní ojú omi, wọn kò ṣèèṣì. Gbogbo ohun tí ó jẹ wọ́n lógún láyé yìí ni wọ́n fún ní ojú. Ọ̀nà ní ojú, oko ní ojú, ọ̀run ní ojú tí òjò ń ṣú sí. Abẹ́rẹ́, bí ó ti kéré tó, ó ní ojú. Egbò pàápàá ní ojú, ojú rẹ̀ ni a sì ń wẹ̀ kí ó tó jinná. Bí ìyà bá ń jẹ ọ́, ojú ni ó ń pọ́n ọ. Bí o bá fẹ́ ohun tí kì í ṣe tìrẹ, ojúkòkòrò ni wọn yóò pè é. Bí o bá lọ kàwé ní lékọ́ọ̀lù tí o sì gbọ́n, wọ́n á ní ojú rẹ ti là. Èmi ti rí ẹni tí ojú rẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ẹ ó gbọ́ ti ìyẹn láìpẹ́.

Ẹ̀yin mọ̀ pé ogun ni ó gbé àwọn baba ńlá wa gun orí àwọn òkè Idààṣà wọ̀nyí. Wọ́n ń sá fún àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sá gun orí àpáta tí kò ní omi? Òùngbẹ ni yóò fà á sọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀tá. Omi tí ó ń sun ní ìdí àpáta wa ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí bàbá mi fi máa ń sọ pé òkè wa gba wá là, ṣùgbọ́n omi ni ó gba òkè là. Ilé tiwa ni ó ń mójú tó o láti ìgbà náà. Ojúṣe wa ni, a kì í gba nǹkan kan lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, igbá ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, tí ó ń kan àpáta, kó, kó, kó. Lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn obìnrin, «Ẹ kú ojúmọ́ o, ṣé ẹ jí dáadáa? Ilé ńkọ́? Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ńkọ́?» Kò sí ẹni tí ń wọ bàtà dé ibẹ̀. Aláboyún ni ó máa ń kọ́kọ́ pọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni arúgbó, àwa ọmọdé ni a kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó ṣàìsàn, nítorí bí ojú kan bá dín lójú omi, wọ́n á lọ wò ó nílé. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ìyá àgbà yín. Mo fẹ́ ṣe bí ọkùnrin, mo gba ìkòkò lórí rẹ̀ pé kí n bá a gbé e, ẹsẹ̀ mi yọ̀, ìkòkò fọ́ yángá. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá mi ni ó lọ ra ìkòkò mìíràn fún wọn, ó ní bí mo bá máa fẹ́ ọmọ yìí, kí n kọ́ bí a ti ń rìn.

Nísinsìnyí, olúkúlùkù ń yí róbínẹ̀ kí omi ẹ̀rọ dà, olúkúlùkù ń gbé bídọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀, lọ. N kò ní purọ́ fún yín, omi róbínẹ̀ rọrùn. Àwọn obìnrin kì í gun òkè mọ́, orúnkún wọn sinmi. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣàìsàn ní ìsàlẹ̀ níbí lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ ní ilé Ọlọ́run pé kí a gbàdúrà fún un ni èmi tí mo ń gbé òdìkejì ilé rẹ̀ tó mọ̀.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, tí àwọn ará abúlé Kèrè bá ti ń sun igbó oko wọn, tí èéfín ń bo ojú ọ̀run, ìgbà náà ni a máa ń la ojú omi. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò rán ènìyàn wá. Àwọn ọkùnrin á bọ́ aṣọ, wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa fi ọkọ́ àti agbọ̀n kó ewé jíjẹrà àti ẹrẹ̀ tí ọdún ti kó sí i. Àwa ọmọdé á tò lẹ́sẹẹsẹ, agbọ̀n á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ẹrẹ̀ dúdú náà kò ṣòfò, àwọn ìyá fi ń ra ilẹ̀ yàrá. Iṣu sísun wà, epo wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà nínú ewé, ọtí sódábì wà fún àwọn bàbá. Àgbà tí ó ń bọ ibẹ̀ á bu omi ìyẹ̀fun ta sílẹ̀, katekíìsì, olùkọ́ni ìjọ Fadá, náà á ya àmì àgbélébùú, olúkúlùkù á gbà á fún ẹnìkejì. Fadá mọ̀, ó kàn mójú kúrò ni.

Ọdún kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí fìlà rẹ̀ ga bí agbọ̀n adìẹ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò bóyá a ti kó ẹrẹ̀ tán. Fìlà já bọ́. Kí a tó mú un, àkèré kan ti jókòó sínú rẹ̀, ó ń wò wá bí ìjòyè. Bàbá náà kò gbà kí wọ́n lé e, ó ní àkèré mọ ohun tí ó dára. Títí tí ó fi kú, bí ó bá ti dé fìlà náà, ọmọdé kan á dún bí àkèré lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a bá kó ẹrẹ̀ tán, omi á dàrú. Gbogbo ayé á jókòó yí i ká láìsọ̀rọ̀ títí yóò fi tòrò. Ohun tí ó kàn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bí ènìyàn méjì bá ti ń jà láàárín ọdún náà, a kì í dá ẹjọ́ wọn. Wọn á kúnlẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n á tẹrí ba títí ojú àwọn méjèèjì yóò fi hàn nínú omi kan náà. Kò sí àlàyé. Bí ìwọ bá lè wo ojú rẹ̀ níbẹ̀, tí òun náà lè wo tìrẹ, ẹ ó fi igbá kan bu omi, ẹ ó jọ mu ún, ìjà parí. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ṣì wà nínú rẹ, bí irọ́ ni o, bí ìbínú ni o, wàá ti ìka rẹ bọ omi, wàá rú u. Ìyẹn ni pé o kò tíì ṣe tán. A kì í bú ẹni tí ó bá rú omi. Ó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ní ti ẹni tí ó bá fi irọ́ sínú tí ó sì mu ún, a kò ní ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Orogún méjì wà ní ilé kejì wa, wọ́n ń jà nítorí ẹtù kan tí ó ń yé ẹyin sí ìdí ògiri àárín wọn. Ọdún dé, wọ́n rú omi. Ọdún tún dé, wọ́n tún rú u. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì tẹrí ba, wọ́n fajú ro, wọ́n sì rí i nínú omi pé bí ìyálé ti na ẹnu jáde ni ìyàwó náà na tirẹ̀. Ìyàwó ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú omi. Ẹtù náà, nílé àwọn méjèèjì ni ó ti ń jẹun láti ọjọ́ náà.

Ẹ ti rí i pé ohun tí àwọn àgbà ń sọ, pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe àṣejù. Ẹ̀yin ń sọ fún ara yín lórí pọ́tábù pé ẹ dárí jin ara yín, ẹ fi àwòrán ojú tí ń rẹ́rìn-ín tì í lẹ́yìn. Mo bi ọ̀kan nínú yín bóyá òun náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń fi í ránṣẹ́. Ó ní rárá, bàbá, báyìí ni wọ́n ń ṣe é.

Ó dára, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ Bẹnuá.

Ìyá wa kú nígbà tí Bẹnuá kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Bí ó bá sunkún ìyá wa, màá gbé e lọ sí ojú omi, màá ní kí ó wo inú rẹ̀. Àwa méjèèjì gbé ojú ìyá wa, iwájú gbọọrọ, ẹyinjú kékeré tí ó máa ń dé bí a bá ń rẹ́rìn-ín. Màá ní, «Wò ó, ìyá nìyẹn, kò lọ jìnnà.» Yóò sì dákẹ́. Nígbà tí lékọ́ọ̀lù dé, bàbá wa ní ọmọ kan ni òun lè fi sílẹ̀, nítorí iṣu kì í kọ ebè fún ara rẹ̀. Èmi ni mo ní kí Bẹnuá lọ. Kò sí ẹni tí ó fipá mú mi, inú mi dùn sí i. Bí ó bá ti kọ́lèèjì dé fún ìsinmi, yóò kúnlẹ̀ kí mi, yóò ní, «Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni mo fi ń ríran.» Mo gbà á gbọ́. Mo gbójú lé e bí mo ti gbójú lé ojú ọ̀sán.

Ó ṣiṣẹ́ ní Kútọnu títí ó fi tó àkókò ìsinmi, ó padà wálé, ó kọ́ ilé sí ẹ̀bá gúdúrọ̀ọ̀n, ọ̀nà ọlọ́dà. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Músíyé, bí ẹni ń pe ọ̀gá òyìnbó. Èmi náà a máa pè é bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, yóò ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ dẹ̀yìn lẹ́yìn mi o.»

Lẹ́yìn náà ni àwọn olókùúta dé. Mọ́tò ńlá ni wọ́n gbé wá, wọ́n wọ ṣòkòtò tó mọ́. Wọ́n ní òkúta wa dára fún ọ̀nà àti ilé, wọ́n ní àwọn yóò ṣe oore fún wa. Ọ̀rọ̀ òkè kì í ṣe ohun tí a ń sọ ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ojú omi ni a ti ń sọ ọ́, kí ojú gbogbo ilé pé, nítorí a kì í gbẹnu ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ pé ó gbà. A pé jọ. Mo sọ tèmi: bí ẹ bá fọ́ orí, ojú kò ní sí. Gbogbo ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹnuá dìde, ó bá wọn sọ Faransé, ó yíjú sí wa, ó ní òun ti sọ fún wọn pé a kò gbà.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń kùn. Wọ́n ní àwọn ti rí mọ́tò yẹn níwájú ilé Músíyé. Ó dùn mí fún un. Mo ní, «Ẹ má kùn mọ́. Èmi àti àbúrò mi yóò wo omi lójú gbogbo yín.» A kúnlẹ̀. Omi tòrò kedere lọ́jọ́ náà, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Mo wò ó, ó wò mí. Kò ṣẹ́jú. Òun gan-an ni ó bu omi, ó mu, ó gbé igbá fún mi, mo mu. Omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, mo fi ọwọ́ nù ún bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àna mi kú ní Tré. Mo lọ síbẹ̀, mo dúró títí ìsìnkú fi parí. Nígbà tí mo ń bọ̀ lórí alùpùpù sémíjàn, mo rí eruku funfun lórí gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà wa. Mo rí kàmíọ̀n tí ó kó òkúta. Mo rí Jérọ́ọ̀mù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà, tí ó jókòó síwájú ilé rẹ̀. Mo kí i. Ó yí ojú sí ògiri.

Mo ní, «Jérọ́ọ̀mù, ṣé kò sí?»

Ó ní, «Ìwọ ni kí n bi.»

«Kí ni mo ṣe?»

«Àbúrò rẹ ní o ti gbà. Ó ní ìwọ ni o ní kí àwọn tó ń fọ́ òkúta máa bọ̀. Ó ní ojú ló ń tì ọ́ láti sọ ọ́ fún wa, lo ṣe sá lọ sí Tré.»

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sin òbí, mo ti sin ìyàwó. N kò mọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè dunni ju ìyẹn lọ. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti ń pa òwe yìí fún ẹlòmíràn láti ìgbà èwe mi. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ bí ó ti rí lára ẹ̀fọ́.

Mo lọ bá a nílé. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n gbé bíà tútù wá. Ojú rẹ̀ túká, kò yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́.

Mo ní, «Bẹnuá, ìgbà wo ni mo gbà?»

Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná. Tí mo bá ní kí n dúró títí ẹ ó fi gbà, ẹ ò ní gbà láéláé. Wọ́n máa gbẹ́ kànga fóráàsì fún wa. Róbínẹ̀ máa wà. Ayé ti kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí.»

«Orúkọ mi lo lò.»

«Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ta ni kí n tún lò? Tiyín ni wọ́n máa ń gbọ́, wọn ò gbọ́ tèmi.»

«Omi tí a jọ mu ńkọ́?»

Ó wò mí bí ẹni pé àánú mi ń ṣe é. Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, omi ni.»

N kò mu bíà náà. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí ó bá mi lọ sí ojú omi kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé n kò gbà, kí a sì tún wo omi náà. Ó ní kò burú, òun ń bọ̀. Kò wá. Ó rán katekíìsì sí mi. Ó rán ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àti iṣu. Ó pè mí lórí pọ́tábù, ó ní òun wà ní Kútọnu, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ òkúta wa lẹ́yìn rẹ̀. Ó pa irọ́ ńlá, kò sì fo kékeré.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ jókòó síbẹ̀. Eruku kọ́kọ́ bo omi, ó di funfun. Lẹ́yìn náà, bí àpáta bá ti bú, omi á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, bí ẹni tí ń sún kúrò lórí àga láìfẹ́ kí a mọ̀. Àwọn àkèré kó lọ. Nígbà tí ọjọ́ tí a ń la ojú omi tún pé, mo gbé ọkọ́ mi, mo lọ dúró. Kò sí ẹni tí ó wá. Mo wọ inú rẹ̀ fúnra mi, mo gbẹ́ ẹ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Iyanrìn tútù ni mo bá, n kò bá omi. Mo mú díẹ̀ nínú iyanrìn náà sọ́wọ́, mo padà sílé.

Ohun tó dùn mí jù kì í tilẹ̀ ṣe àpáta. Bí mo bá ń kọjá níwájú róbínẹ̀ dòní, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, «Bàbá, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí omi dé.» Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Bí mo bá ní n kò mọ̀ sí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní bàbá ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Jérọ́ọ̀mù kú láìtíì yí ojú sí mi padà. Mo dúró ní ojú oórì rẹ̀, mo ń bá erùpẹ̀ rojọ́.

Nísinsìnyí ẹ lè gbọ́ ti bàsíà.

Lánàá, mo ṣì wọ aṣọ Sọ́ńdè mi, mo rí Bẹnuá tí ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀, òun nìkan. Ó gbé bàsíà omi dání, ó ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó gbé e sí abẹ́ máńgòrò, ó kúnlẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó lè kúnlẹ̀. Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, mo wá.»

Mo ní, «Ojú omi dà?»

Ó ní, «Ojú omi ò sí mọ́. Èyí náà, omi ni. Ẹ jọ̀ọ́.»

Mo kúnlẹ̀ ní òdìkejì. A tẹrí ba. Omi róbínẹ̀ náà tòrò, ojú àwa méjèèjì sì yọ nínú rẹ̀, arúgbó méjì, ojú kan náà. Mo rí ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn mi rọ̀, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi igbá.

Mo wá bi í pé, «Ṣé o ti sọ fún wọn?»

Ó ní, «Sọ kí ni, ẹ̀gbọ́n?»

«Pé n kò gbà.»

Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, a ti dàgbà jù fún ìyẹn. Ojú á tì mí. Ẹ jẹ́ ká mu omi ná.»

Ojú á ti òun. Ojú tí ó fi wò mí tí kò ṣẹ́, òun ni kò fẹ́ kí ó tì í. Mo ti ìka mi bọ omi, mo rú u. Ó dúró títí ó fi tòrò. Mo tún rú u. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó ní, «Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ ránṣẹ́ sí mi.»

Ẹ ń wo ojú mi. Ẹ ń retí kí n sọ pé mo ti dárí jì í, nítorí pé a ti darúgbó, nítorí pé ọmọ ìyá ni wá. Ojú mi nìyí, ẹ wò ó dáadáa. Láàárọ̀ tí mo jágbe mọ́ Ẹlẹ́ẹ̀nì, n kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi omi náà ṣe. Bí mo ti ń rò ó fún yín ni mo wá mọ̀ ọ́n.

Ẹlẹ́ẹ̀nì, dìde, ọmọ mi. Lọ da omi yẹn sí ìdí máńgòrò. Fọ bàsíà náà, gbé e lọ fún bàbá rẹ Bẹnuá, kúnlẹ̀ kí i dáadáa, má ṣe àfojúdi sí i. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o sọ ọ́: ọjọ́ tí ó bá dúró níwájú róbínẹ̀ tí ó sọ fún àwọn obìnrin pé n kò gbà, ìbáà ṣe omi inú kòtò ni ó bù wá, màá bá a mu ún.

Àti pé, bí o bá ti ń gbé omi náà lọ dà nù, má wo inú rẹ̀. Ìwọ náà gbé ojú ìyá wa.